Wíńdò tí ẹ tò lánàá tó tún dàrú lónìí: bí ẹ ṣe máa rí ìdí rẹ̀ lórí Linux

Ẹ̀dùn kan náà ló ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé jẹun, láti òpópónà Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dé iwájú géètì yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n á to áàpù bó ṣe yẹ kó wà: toolbar lókè, àpótí fọ́ńtì lọ́wọ́ ọ̀tún, wíńdò kún ojú skríìnì. Tó bá di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á ti padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọlé. Wọ́n á tún un tò, á tún dàrú. Nígbà tó bá sú wọn, wọ́n á yọ áàpù náà kúrò pátápátá, wọ́n á tún un fi sí i. Ìyẹn ò yí nǹkan kan padà, torí pé bí ẹ bá fi apt (irinṣẹ́ tó ń gbé áàpù wọlé tó sì ń yọ ọ́) yọ áàpù kúrò, kì í fọwọ́ kan fódà ilé yín, ibẹ̀ sì ni àìsàn náà wà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí wíńdò ṣe wà, inú fáìlì kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Tó bá ń sọnù, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀: áàpù ò ráyè kọ ọ́, tàbí ó kọ ọ́ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ò ní wò lọ́la, tàbí ó kọ ọ́ tán, nǹkan mìíràn wá pa á rẹ́. Ẹ má tún ohunkóhun ṣe títí ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́.

Ohun tí ẹ nílò

- Kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu tàbí Linux Mint. Tó bá jẹ́ Linux mìíràn, àwọn àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí á ṣiṣẹ́, àfi apt àti snap (ọ̀nà mìíràn láti gbé áàpù wọlé) tó lè má sí níbẹ̀; snap kì í sábà sí lórí Mint náà.
- Password ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà, torí pé ẹ máa lo sudo (ọ̀rọ̀ tó ń fún àṣẹ ní agbára ọ̀gá kọ̀ǹpútà) níbi méjì mẹ́ta.
- Terminal, wíńdò tí a ń tẹ àṣẹ sí. Ctrl+Alt+T ló ń ṣí i.
- Iná tí kò ní lọ láàárín iṣẹ́. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń ṣe é, ẹ wo epo inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó.
- Ẹ̀dà fódà tí a fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ ti gbogbo áàpù pa, kẹ́ ẹ wá tẹ èyí:

`cp -a ~/.config ~/config-atijo`

Àmì `~` yẹn dúró fún fódà ilé yín. Àwọn fódà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, irú bíi .config, fara pamọ́. Ctrl+H ló ń fi wọ́n hàn bí ẹ bá ṣí ilé yín.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ `ls ~/config-atijo`. Bí orúkọ fódà bá jáde lọ́pọ̀, ẹ̀dà ti wà nílẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ má tíì tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tó ń sọnù gan-an

"Ó ń dàrú" kò tó. Ẹ pín in sí wẹ́wẹ́. Ṣé ibi tí wíńdò dúró sí lójú skríìnì ló ń yí padà? Ṣé bó ṣe tóbi tó ni? Tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀, bíi toolbar, àpótí irinṣẹ́ àti àwọ̀?

Bó bá jẹ́ ibi tí wíńdò dúró sí nìkan, tí ìyókù wà bó ṣe wà, ẹ tẹ:

`echo $XDG_SESSION_TYPE`

Bó bá dáhùn pé wayland, áàpù yín ò ṣẹ̀. Lábẹ́ Wayland (ètò tuntun tí Linux fi ń gbé wíńdò sójú skríìnì; X11, tí wọ́n tún ń pè ní Xorg, ni ti àtijọ́), áàpù ò láṣẹ láti sọ ibi tí wíńdò rẹ̀ máa dúró sí. Alábòójútó tábìlì (desktop) ló ń pín àyè. Bí wọ́n ṣe dìídì ṣe é nìyẹn, ẹ ò sì rí fáìlì kankan tí ẹ máa tún ṣe táá yí i padà. Ẹni tó ń lo Ubuntu 24.04 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ lè jáde, kó tẹ orúkọ rẹ̀ níbi ìwọlé, kó tẹ àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kó yan "Ubuntu on Xorg". Láti 25.10 ni wọ́n ti yọ ọ̀nà yẹn kúrò. Cinnamon, tábìlì ti Linux Mint, ṣì ń lo X11 ní tirẹ̀, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín yan Wayland. KDE, tábìlì Linux mìíràn, ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí jù: ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ orí wíńdò, ẹ lọ sí More Actions, kẹ́ ẹ yan Configure Special Window Settings, ẹ ó sì lè fi ipò àti ìwọ̀n há a síbẹ̀.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà: skríìnì kejì. Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó tan skríìnì ńlá, tàbí ẹ yọ wáyà projector kúrò nígbà tí áàpù ṣì wà ní ṣíṣí, gbogbo wíńdò tó wà lójú skríìnì yẹn ló máa kó wá sórí èyí tó kù, á sì tún ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe. Ẹ máa tan skríìnì ṣáájú.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, bíi "toolbar Writer ló ń sọnù, ìwọ̀n wíńdò ò yí padà". Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé áàpù ráyè kọ ọ́?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí pé níbi tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń fa wàhálà náà jù.

Ọ̀pọ̀ áàpù ni kì í kọ bí wíńdò ṣe wà sílẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá ń pa á. Ẹ lè to GIMP láti àárọ̀ dalẹ́. Bí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà kú lójijì, ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ ni ti ìgbà tí ẹ pa á dáadáa kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni iná ń pa á fún yín, ẹ ò tíì pa á dáadáa rí nìyẹn, àti pé bí wọ́n ṣe kó o wá látilẹ̀ lẹ ó máa rí.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ ṣí áàpù náà nìkan. Ẹ yí nǹkan kan tó hàn gbangba padà: ẹ gbé toolbar kan kúrò, tàbí kẹ́ ẹ fa wíńdò náà kéré. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl+Q. Ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ:

`find ~/.config ~/.local/share ~/.var ~/snap ~/.mozilla -type f -mmin -2 2>/dev/null`

Àṣẹ yẹn ń kó gbogbo fáìlì tí wọ́n kọ nǹkan sí láàárín ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn jáde. Ẹ wá orúkọ áàpù yín láàárín wọn. Àwọn tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù:

- LibreOffice: `~/.config/libreoffice/4/user/registrymodifications.xcu`. Nọ́ńbà 4 yẹn kì í yí padà bó ti wù kí LibreOffice yín jẹ́ tuntun tó, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.
- GIMP: `sessionrc`, nínú `~/.config/GIMP/2.10` tàbí `~/.config/GIMP/3.0`.
- Firefox: `xulstore.json`, nínú fódà profile rẹ̀. Bó bá jẹ́ snap, abẹ́ ~/snap lẹ ó ti rí i, bí kò bá jẹ́ snap, ẹ wo `~/.mozilla/firefox`, tàbí `~/.config/mozilla/firefox` bó bá jẹ́ Firefox tuntun.
- VLC: `~/.config/vlc/vlc-qt-interface.conf`.

Bí fáìlì náà bá jáde, áàpù kọ ọ́. Ẹ fo ìgbésẹ̀ 3 àti 4, ẹ lọ sí 5. Bí kò bá jáde, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá áàpù tiẹ̀ kú lóòótọ́. LibreOffice pàápàá, wíńdò rẹ̀ lè kúrò níwájú yín kó ṣì máa mí lábẹ́lẹ̀:

`pgrep -a soffice`

Bí ìlà kan bá jáde lẹ́yìn tí ẹ ti pa gbogbo rẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá kọ̀ tí kò lọ, `pkill soffice` á mú un lọ. Ẹ má fi `kill -9` bẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tó ń lo `kill -9` ń ṣe ohun tí iná tó ń lọ ń ṣe gan-an, áàpù ò ní ráyè kọ ohunkóhun.

GIMP ní ọ̀nà àbáyọ tó dùn mọ́ mi. Ẹ tò ó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ lọ sí Edit, Preferences, Interface, Window Management. Ẹ tẹ "Save Window Positions Now", kẹ́ ẹ wá yọ àmì kúrò níwájú "Save window positions on exit". Látìgbà náà lọ, bí iná bá lọ, bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá da àpótí irinṣẹ́ rú, bí ẹ bá ti tún un ṣí, bí ẹ ṣe tò ó lọ́jọ́ náà lẹ ó bá a. Kò sí irú rẹ̀ nínú LibreOffice. Níbẹ̀, ẹ tò ó nígbà tí iná dúró, kẹ́ ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Firefox nìkan ló ní ẹ̀sùn kan lọ́tọ̀: bí ìwọ̀n wíńdò rẹ̀ bá ń padà sí iye kan náà nígbà gbogbo, ẹ tẹ about:config síbi àdírẹ́sì, kẹ́ ẹ wá `privacy.resistFingerprinting`. Bó bá wà ní true, ìdí nìyẹn. Ó ń ṣe é kí wọ́n má bàa fi ìwọ̀n wíńdò dá yín mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin lẹ ó pinnu èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn Ctrl+Q, fáìlì áàpù náà gbọ́dọ̀ jáde nínú àbájáde find.

Ìgbésẹ̀ 3: Ta ló ni fáìlì náà?

Bí áàpù bá pa ara rẹ̀ dáadáa tí fáìlì rẹ̀ ò yí padà, ó ṣeé ṣe kó má láṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹ tẹ:

`find ~/.config ~/.local ~/.cache ! -user "$USER" -ls 2>/dev/null`

Ohun tó yẹ kó jáde ni òfo. Bí ẹ bá rí ìlà tó ní "root root" nínú, bí èyí:

`drwx------ 2 root root 4096 ... /home/soobu/.config/GIMP`

ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Fódà tó wà nínú ilé yín ni, ṣùgbọ́n root (ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo Linux inú kọ̀ǹpútà) ló ni ín, áàpù tí ẹ̀yin ṣí ò lè wọlé. Kò sì ní pariwo. Á kàn lo bí wọ́n ṣe kó o wá látilẹ̀.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Ẹnì kan fi sudo ṣí áàpù náà lọ́jọ́ kan torí pé "kò fẹ́ ṣí". Lórí Ubuntu tó ṣáájú 19.10, sudo máa ń kọ fáìlì root sínú ilé ẹni tó pè é. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń gbé ìgbéga lé ìgbéga láti ayé ìgbà yẹn ṣì ń ru ẹrù náà kiri. Tàbí kí ẹnì kan fi sudo kó ẹ̀dà láti flash. Lórí Mint, "Open as Root" tó máa ń wà bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ inú fódà ló ń dá a sílẹ̀ jù: gbogbo fáìlì tí ẹ bá ṣẹ̀dá látinú wíńdò pupa yẹn di ti root.

Àtúnṣe rẹ̀:

`sudo chown -R "$USER": ~/.config ~/.local ~/.cache`

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má fi `/` nìkan sí ìparí àṣẹ yẹn láéláé. Gbogbo Linux inú kọ̀ǹpútà náà ló máa bàjẹ́, sudo pàápàá ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìkejì: bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ lo `chmod -R 777`, ẹ dá a lóhùn pé rárá. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn yín fún gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ fáìlì ṣì jẹ́ ti root.

Àyẹ̀wò: ẹ tún àṣẹ find yẹn tẹ̀. Kí òfo jáde. Ẹ tún ìdánwò ìgbésẹ̀ 2 ṣe.

Ìgbésẹ̀ 4: Àyè ti tán, tàbí díìsìkì ti ti ara rẹ̀ pa

`df -h ~`

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Use% sí. Bó bá jẹ́ 100%, kò sí àyè. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀: ext4 (ètò tí ọ̀pọ̀ Linux fi ń to fáìlì sórí díìsìkì) máa ń ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún root láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, torí náà kọ̀ǹpútà á tàn, á wọlé, á dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí áàpù yín ò rí àyè fi kọ lẹ́tà kan. Ìgbà tí iṣẹ́ Ojúde Ọba bá wọ́ dé, tí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé fọ́tò ńláńlá wá fún báńà, ni irú rẹ̀ máa ń bọ́ sí. Ẹ kó fọ́tò ọdún tó kọjá lọ sí díìsìkì ìta, kẹ́ ẹ sì tẹ:

`sudo apt clean`

`sudo journalctl --vacuum-size=200M`

Bí àyè bá wà, ẹ wo èyí:

`findmnt -no OPTIONS -T ~`

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ rw. Bó bá jẹ́ ro, díìsìkì ti rí àṣìṣe nínú ara rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn kó má bàa ba nǹkan jẹ́ sí i. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ lójijì. Ẹ kó iṣẹ́ oníbàárà sórí flash kíákíá, kẹ́ ẹ tó tún kọ̀ǹpútà tàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó yẹ díìsìkì wò bó bá ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá padà sí ro lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, díìsìkì fúnra rẹ̀ ló ń kú lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wíńdò mọ́.

Àwọn tó pín díìsìkì wọn láàárín Windows àti Linux, tí wọ́n fi ohun ìní wọn sórí apá Windows: bí Windows ò bá kú tán, torí Fast Startup rẹ̀, Linux á ṣí apá yẹn fún kíkà nìkan. Ẹ wọ Windows, ẹ pa Fast Startup, kẹ́ ẹ sì pa á dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣé áàpù kan ni, àbí méjì?

Áàpù kọ ọ́, fáìlì yí padà, síbẹ̀ lọ́la ó dàrú. Ẹ béèrè bóyá èyí tí ẹ tò ni ẹ ṣí lọ́la.

`snap list`

`flatpak list --app`

`type -a libreoffice`

Ó ṣeé ṣe kí LibreOffice méjì wà, ọ̀kan tó bá Linux wá, ọ̀kan tí ẹnì kan fi Flatpak gbé wọlé. Orúkọ kan náà, àmì kan náà. Ti apt ń kọ sí ~/.config, ti Flatpak ń kọ sí `~/.var/app/org.libreoffice.LibreOffice/config`, ti snap ń kọ sábẹ́ `~/snap/libreoffice`. Bí ẹ bá ṣí i láti mẹ́núù, ọ̀kan lẹ rí. Bí ẹ bá tẹ fáìlì oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, èkejì ló dìde. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ yọ èkejì.

Ìgbéga náà lè fa nǹkan tó jọ ọ́: GIMP tó bá kúrò ní 2.10 lọ sí 3.0 ń lo fódà tuntun, nítorí náà bó bá dàrú lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn update, ẹ tún un tò kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí i láti mẹ́núù, kẹ́ ẹ pa á, ẹ tún tẹ fáìlì kan lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ pa á. Ìgbà méjèèjì, fáìlì ètò kan náà ni find gbọ́dọ̀ fi hàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ta ló ń pa á rẹ́?

Níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà háyà fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó kọ́kọ́ tò ó lè ti fi àṣẹ kan síbẹ̀ tó ń nu ilé mọ́ ní gbogbo àárọ̀. Ẹ wò ó:

`ls ~/.config/autostart`

`crontab -l`

`sudo crontab -l`

Bí ẹ bá rí ìlà tó ní rm, rsync tàbí cp tó mẹ́nu kan ilé yín, ẹ pe ẹni tó tò ó kẹ́ ẹ tó pa á. Ó lè nídìí.

Ẹ tún tẹ `df -h /`. Bí "/cow" bá jáde, orí flash ni Linux yẹn ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò tíì gbé e sínú kọ̀ǹpútà rárá. Ohun gbogbo ló máa lọ bí ẹ bá ti pa á, títí kan iṣẹ́ oníbàárà.

Fún àwọn áàpù GNOME àti Cinnamon, inú dconf, àpótí ètò kan tí wọ́n jọ ń lò, ni ètò wọn ń wọ̀. Ẹ tẹ `dconf watch /`, ẹ fi Terminal yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ yí nǹkan padà nínú áàpù. Ìlà tuntun gbọ́dọ̀ máa jáde. Bí kò bá jáde, ẹ ṣí áàpù náà láti Terminal mìíràn, kẹ́ ẹ ka ohun tó sọ. Bó bá sọ pé òun ń lo 'memory' GSettings backend, inú ìrántí (memory) nìkan ni ó ń gbé e sí, kò kọ ọ́ sí fáìlì kankan. `sudo apt install dconf-gsettings-backend` á tún un ṣe. Ẹ sì tẹ `echo $GSETTINGS_BACKEND`. Òfo ló yẹ kó jáde.

Ìgbésẹ̀ 7: Fáìlì ti bàjẹ́

Ẹ má débí láìkọjá àwọn tó ṣáájú. Bí iná bá lọ níbi tí áàpù ti ń kọ̀wé lọ́wọ́, fáìlì lè di òfo tàbí kó já sí méjì, áàpù ò sì ní lè kà á. Ẹ pa áàpù, kẹ́ ẹ yí orúkọ fódà rẹ̀ padà. Ẹ má pa á rẹ́:

`mv ~/.config/libreoffice ~/.config/libreoffice-baje`

Ẹ ṣí LibreOffice, ẹ tò ó, ẹ pa á, ẹ tún un ṣí. Bó bá dúró, fáìlì ló bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Inú fódà tí ẹ yí orúkọ rẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti fi "Add to Dictionary" kọ́ LibreOffice wà. Awùjalẹ̀, Ọtúnba, Ìjẹ̀bú-Igbó, orúkọ oníbàárà lóríṣiríṣi tí kì í fi ìlà pupa sábẹ́ wọn mọ́, iṣẹ́ ọdún mélòó kan nìyẹn. Ẹ pa LibreOffice, kẹ́ ẹ kó wọn padà:

`cp -a ~/.config/libreoffice-baje/4/user/wordbook ~/.config/libreoffice/4/user/`

Bí ẹ bá ní àwọn àpẹẹrẹ ìwé ìpè tí ẹ fi pamọ́ sínú rẹ̀, ẹ kó fódà template náà bákan náà. Ẹ má kó registrymodifications.xcu padà; òun ni afurasí.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí Writer, ẹ tẹ orúkọ kan tí ẹ ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Bí ìlà pupa ò bá jáde, wordbook ti wọlé.

Ìdánwò ìkẹyìn

Ẹ to áàpù, ẹ fi Ctrl+Q pa á, ẹ ṣí i. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì, ẹ tún wọlé, ẹ ṣí i. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ ṣí i. Ibi tó bá ti dàrú láàárín mẹ́ta yìí ló ń sọ ìgbésẹ̀ tí ẹ máa padà sí: bó bá dàrú lójú ẹsẹ̀, 2 sí 4 tàbí 7, bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìwọlé, 1 tàbí 6, bó bá jẹ́ lẹ́yìn títàn nìkan, ẹ wo crontab àti flash.

Bó bá kọjá gbogbo rẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan lò ó kẹ́ ẹ tó pa config-atijo rẹ́. Bó bá ṣì ń dàrú, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù náà: nọ́ńbà áàpù, Linux tí ẹ ń lò, wayland tàbí x11, àti ohun tí find fi hàn lẹ́yìn Ctrl+Q.